Ẹ má tíì ra brain box: ìdáhùn fún ìyá oníbúrẹ́dì tó ní HiAce àtijọ́

“Ọ̀gá mekáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Búrẹ́dì ni mò ń tà. Láti Agége la ti ń kó o lọ fún àwọn oníbàárà wa ní Ìdúmọ̀tà àti Òkè Àrìn ní ìdájí. HiAce 1999 tó ń lo bẹntiróòlù ni ọkọ̀ wa, onínọ́sù ni (èyí tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì), kì í ṣe kábúrétọ̀. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń sítáàtì. Àmọ́ tí dẹ́rẹ́bà bá ti já búrẹ́dì tán ní Ìdúmọ̀tà, tó fẹ́ máa padà bọ̀, á yí kọ́kọ́rọ́ títí bátìrì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Èéfín dúdú ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, epo tó ń mu ti fẹ́ ju èrè orí búrẹ́dì lọ, tó bá sì dé orí Third Mainland, á máa kọsẹ̀, kò ní lágbára. Iná check engine ti tàn. A ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, pọ́ǹpù epo àti sẹ́ńsọ̀ méjì. Ọmọkùnrin tó gbé scanner wá ní kò wọlé, pé brain box ti kú nìyẹn. Mekáníìkì mi ní ká kúkú yọ gbogbo wàhálà yìí dà nù, ká sọ ọ́ di kábúrétọ̀. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?”

Màmá wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ẹ sì kú ìnáwó. Ní tèmi, ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tí mo bá to ohun tí ẹ kọ pọ̀, ó jọ ọkọ̀ tí brain box rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí epo àti iná ẹ́ńjìnnì, rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù nígbà tó ti gbóná, tàbí tó rò pé iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe pọ̀ ju bó ṣe rí lọ, ló wá ń da epo lé e lórí. Láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì nílò epo púpọ̀ kó tó jí, ìdí nìyẹn tí kò fi yọ yín lẹ́nu ní Agége. Tó bá ti gbóná tán, epo yẹn náà ló ń rì í. Brain box ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti ṣe ni, ìròyìn tó ń gbọ́ ni kò dáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ scanner, torí òun ló dẹ́rù bà yín jù. Èyí tó kéré tí àwọn ọmọ yìí máa ń tì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n á máa wò lórí fóònù, OBD2 ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ètò tí ọkọ̀ tuntun fi ń bá scanner sọ̀rọ̀. Amẹ́ríkà sọ OBD2 di dandan fún ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wọn láti 1996, àwọn ará Yúróòpù náà ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ bẹntiróòlù ní 2001. HiAce irú tiyín, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1989 tí irú tuntun fi gba ipò rẹ̀ ní 2004, Toyota kò tà á ní Amẹ́ríkà rárá, òfin yẹn ò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kí scanner má wọlé kò sọ nǹkankan nípa ìlera brain box. Ẹ̀rí tó dára jù ń bẹ níwájú dẹ́rẹ́bà yín. Ẹ ní kó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìsítáàtì. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn, nítorí brain box ló ń tan iná yẹn. Tó bá tàn, iná ń dé ọ̀dọ̀ brain box, ó sì ń mí. Tí kò bá tàn rárá, ẹ wo gílóòbù rẹ̀, ẹ wo fúùsì tí wọ́n kọ EFI sí lára, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ikú.

Ọkọ̀ yín sì mọ bó ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ láìsí scanner. Wọ́n ṣe bọ́ọ̀kìsì dúdú kékeré kan sí i tí wọ́n kọ DIAGNOSIS tàbí DIAGNOSTIC sí orí ìdérí rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ wo abẹ́ ìdérí, ẹ óò rí orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n pè ní TE1 àti èyí tí wọ́n pè ní E1, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la fi ń so wọ́n pọ̀. Kí ọwọ́ má ṣì dé ihò mìíràn o, rìwáyà tó lójú ni kó ṣe é. Ẹ pa AC, kí ẹnikẹ́ni má tẹ ìtẹsẹ̀ epo, kí bátìrì má sì wá sílẹ̀ ju 11 fọ́ltì lọ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, iná check engine á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sinmi díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, 22 nìyẹn, sẹ́ńsọ̀ omi ló ń wí, èyí tó ń wọn bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. 24 jẹ́ ti ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, 31 jẹ́ ti èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́, 41 jẹ́ ti ojú throttle (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ìtẹsẹ̀ epo ń ṣí), 12 sì ń sọ pé òun ò gbọ́ ìròyìn yíyí ẹ́ńjìnnì láti ọ̀dọ̀ distributor, èyí tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì. Tó bá kàn ń ṣẹ́jú kíákíá láìdúró, bákan náà bákan náà, kò rí nǹkan kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀. Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má yọ orí bátìrì. Ìyẹn ló máa ń pa ohun tó kọ sílẹ̀ rẹ́, iná á kú, wọ́n á gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ó di ọjọ́ kẹta kó tún tàn.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù rèé: nọ́ḿbà jáde, wọ́n sáré lọ sí Ládìípọ̀ lọ ra sẹ́ńsọ̀ tó jẹ́ orúkọ nọ́ḿbà náà. 22 kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ omi bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà tí ìròyìn omi ń gbà dé ọ̀dọ̀ òun ti dàrú. Sẹ́ńsọ̀ wà lójú ọ̀nà yẹn, wáyà wà níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó so mọ́ ara irin ọkọ̀) náà wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún, tí omi òjò Èkó ti bá pàdé lójú pópó, tí àwọn ọmọ káwọ́ṣì sì ti ń fọ́n omi sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ gan-an ni mo máa ń fura sí kẹ́yìn. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ omi kan, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Tí ẹ bá rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé lára irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, tàbí tí ìkọ́ ike rẹ̀ ti ṣẹ́ tí wọ́n fi tépù dúdú wé e, ẹ ti súnmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọnù, tí wọ́n lọ́ wáyà mọ́ ẹnu sẹ́ńsọ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá píọ́wọ́tà dì í.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì nìyí. Brain box kì í kọ nọ́ḿbà sílẹ̀ àfi tí ohun tó ń gbọ́ bá kọjá ibi tó ṣeé gbà gbọ́, bíi kí wáyà já pátápátá tàbí kó kan ara irin. Tí wáyà sẹ́ńsọ̀ omi bá já pátápátá, Toyota ti kọ́ brain box pé kó gbà pé omi wà ní 80 °C, ọkọ̀ á sì máa rìn lọ bákan ṣá. Èyí tó burú ni sẹ́ńsọ̀ tó ń purọ́ tó ṣeé gbà gbọ́, bí ìránṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ èké pẹ̀lú ojú pẹ̀lẹ́. Sẹ́ńsọ̀ omi, bí ooru bá ṣe ń lọ sókè ni ohm rẹ̀ (ìdíwọ́ tó ń ṣe fún iná) ń wálẹ̀. Ní 20 °C, ó máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 ohm. Ní 80 °C, á ti wálẹ̀ sí 200 sí 400. Ẹ wá gbà pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, sẹ́ńsọ̀ sọ òótọ́ pé 300, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú sọ́kẹ́ẹ̀tì fi 2,000 mìíràn lé e. 2,300 ni brain box á gbọ́, á sì gbà pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná ju afẹ́fẹ́ ìdájí lọ. Iná ò ní tàn, nọ́ḿbà ò ní jáde, epo á kàn máa ya lu ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ óò rí i pé tí ẹ bá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ní ìgbà mélòó kan lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kò sí ohun tó máa yí padà.

Nítorí náà, kí rìwáyà má kàn yọ sẹ́ńsọ̀ wọn kó ní ó dáa. Kó wọn ọ̀nà náà látòkèdélẹ̀, láìyọ nǹkankan. Nídìí brain box, ojú kan wà tó ń jẹ́ THW, òmíràn ń jẹ́ E2. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo wà ní ààyè wọn, kó fi abẹ́rẹ́ mítà kan ojú méjèèjì láti ẹ̀yìn. Ó yẹ kó rí láàárín 0.2 sí 1 fọ́ltì. Tó bá rí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí rédíétọ̀ ti gbóná débi pé ọwọ́ ò lè gbà á, irọ́ wà lójú ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló tó kan kó yọ sẹ́ńsọ̀, kó mọ̀ bóyá òun ni tàbí wáyà.

Àwọn kan á sọ fún yín pé sẹ́ńsọ̀ omi ò lè ní àṣìṣe torí ọwọ́ temperature ń dúró sí àárín lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀tọ̀ lèyí tó ń bá dáṣíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, wáyà kan péré ló wà lára rẹ̀. Èyí tó ń bá brain box sọ̀rọ̀ ní wáyà méjì. Ọ̀kan lè yè kí èkejì kú. Bóyá èyí tí kò kàn yín gan-an ni wọ́n ti pààrọ̀ fún yín nínú sẹ́ńsọ̀ méjì yẹn. Ẹ bi wọ́n.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá thermostat, ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, ṣì wà nínú ọkọ̀ náà. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún lọ. Nílùú Èkó, tí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Oshòdì, yíyọ thermostat ni oògùn àkọ́kọ́, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Thermostat irú ẹ́ńjìnnì yìí máa ń ṣí ní nǹkan bí 82 °C. Tí kò bá sí mọ́, omi á ti máa lọ sí rédíétọ̀ látìgbà tí ọkọ̀ ti jí, tó bá wá ń sáré lórí afárá ní ìdájí tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí i, omi ò ní gbóná tó láéláé. Níbẹ̀ yẹn, sẹ́ńsọ̀ ò purọ́, wáyà ò purọ́, brain box náà ò ṣì í ṣe: omi tutù lóòótọ́, ó sì ń fi epo kún un. Ẹ dá thermostat padà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wo rédíétọ̀ àti pọ́ǹpù omi o, torí ohun tó mú ọkọ̀ gbóná nígbà náà lọ́hùn-ún lè ṣì wà níbẹ̀, ẹ ò sì fẹ́ fi owó epo ra top gasket.

Tí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi, afẹ́fẹ́ ló kàn. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tó ń fi sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń pè ní MAP wọn afẹ́fẹ́, hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so MAP mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ooru ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ ìjókòó iwájú yẹn máa ń gan hóòsì náà, ẹnu rẹ̀ á là. Tó bá ti ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, MAP á sọ fún brain box pé dẹ́rẹ́bà tẹ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, epo á sì ya. Ẹ gé ẹnu tó là kúrò tí ó bá ṣì gùn tó, tàbí kí ẹ ra hóòsì tuntun; owó rẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì tí dẹ́rẹ́bà yín ń jẹ láàárọ̀. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, kí wọ́n yọ hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí regulator epo, èyí tó ń ṣàkóso agbára epo. Tí epo bá wà nínú rẹ̀, tàbí tó ń rùn fún epo gidigidi, rọ́bà inú regulator ti ya, ẹ́ńjìnnì sì ń fa epo láti ibẹ̀. Nọ́sù tó ń jò náà ń ṣe irú èyí lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ọkọ̀. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tó lè fẹjọ́ méjèèjì sùn.

Ìdánwò kan wà tí dẹ́rẹ́bà lè ṣe fúnra rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, láìpe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò sítáàtì, kó tẹ ìtẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, kó mú un dúró síbẹ̀, kó má máa pọ́ǹpù rẹ̀, kó sì yí kọ́kọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ á wọlé. Tó bá jí, tó tú èéfín dúdú bọ́ǹkẹ́, epo ló rì í, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ láti òkè sì dúró. Tí kò bá mú nǹkankan wá, kí mekáníìkì yọ wáyà plọ́ọ̀gì kan kó wò ó bóyá iná ń bù. Tí iná ò bá bù nígbà tó gbóná, tó sì ń bù tó bá tutù, ọ̀nà ti yà: waya wíwé inú distributor tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ni, tàbí igniter, èyí tó ń gé iná fún kọ́ìlì kí plọ́ọ̀gì tó bù. Irú ìyẹn máa ń là nígbà ooru, á sì pàdé padà tó bá tutù, ó sì lè jẹ́ òun ló ń mú ọkọ̀ kọsẹ̀ lórí afárá.

Kíkọsẹ̀ lórí Third Mainland ni apá tí ọkàn mi ò balẹ̀ lé jù nínú lẹ́tà yín. Epo tó pọ̀ jù lè fà á, ṣùgbọ́n fíltà epo tó dí náà lè fà á, torí pé láàárín ìlú epo díẹ̀ ti tó, orí afárá tó gùn tí ẹrù sì wà lẹ́yìn ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ ti pààrọ̀ pọ́ǹpù. Ṣé ẹnikẹ́ni wọn agbára tó fi ń ti epo? Ní nǹkan bí 40 psi ló yẹ kó wà, tí wọ́n bá yọ hóòsì regulator. Ẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Kí wọ́n fi ẹnu mítà kan sí orí òdì bátìrì, èkejì sí ara irin ẹ́ńjìnnì, kí dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá lé ní 0.5 fọ́ltì, wáyà ẹ́ẹ̀tì ti gbó, kò sì sí sẹ́ńsọ̀ kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dá ṣáká títí tí wọ́n á fi tún un ṣe.

Bó bá jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ojú rà á. Ní Ládìípọ̀ àti Òwódé Onírin, tòkunbọ̀ tó jẹ́ Denso wà, tuntun tí kò ní orúkọ náà wà. Èmi á mú tòkunbọ̀ tó wọn dáadáa ju tuntun tí mi ò mọ baba rẹ̀ lọ. Kí mekáníìkì mú mítà dání, kó bẹ alátíì ẹ̀gbẹ́ ọjà ní omi gbígbóná nínú kọ́ọ̀pù, kó ri ẹnu sẹ́ńsọ̀ náà sínú rẹ̀. Mítà gbọ́dọ̀ máa wálẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, kó súnmọ́ 200 tí omi náà bá ń hó, kó sì máa gòkè padà bí omi ṣe ń tutù. Tó bá ń fò lókè lódò, kó dá a padà sórí tábìlì. Ẹ sì gba èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀ padà, bí kò bá tíì sọnù. Ó lè jẹ́ pé òun ló dáa jù nínú gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ ò jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì 1RZ oníkábúrétọ̀ fún HiAce, ọ̀pọ̀ mekáníìkì wa sì lè fi ojú dídì tún un ṣe. Tó bá jẹ́ pé wáyà ọkọ̀ yín ti jóná, tàbí tí eku ti jẹ ẹ́ dé ìdí, èmi náà lè ní kẹ́ ẹ ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Pọ́ǹpù onínọ́sù á fi agbára rẹ̀ rì kábúrétọ̀, ẹ ní láti wá pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ kéré. Lórí ọkọ̀ yín, brain box ló ń pinnu ìgbà tí iná plọ́ọ̀gì máa bù, torí náà distributor rẹ̀ ò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí brain box, ti oníkábúrétọ̀ ni kẹ́ ẹ wá, pẹ̀lú manifold rẹ̀ (páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti epo wọ ẹ́ńjìnnì). Tí wọ́n bá fo ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ọkọ̀ á rìn, ṣùgbọ́n kò ní lágbára, kò sì ní yéé mu epo. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìyẹn ò ṣe é fi ṣeré fún oníbúrẹ́dì.

Mi ò lè gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì yín láti ibi tí mo jókòó sí, mi ò sì mọ bóyá compression rẹ̀ (agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) ṣì dúró. Tí ohun gbogbo tí mo kọ bá wọn dáadáa tí èéfín dúdú ò sì lọ, ìyẹn ló kù láti wò, nọ́sù sì tẹ̀ lé e. Ẹ bá mekáníìkì yín dá owó yíyẹ̀wò sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ san án bóyá ó ra nǹkan tàbí kò ra nǹkan. Tó bá jẹ́ pé orí ẹ̀yà ọkọ̀ nìkan ló ti ń jẹun, ẹ̀yà ọkọ̀ náà ni yóò máa rí. Tó bá wá dé orí brain box nígbẹ̀yìn, tí iná àti ẹ́ẹ̀tì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò sì dáhùn, ẹ ká nọ́ḿbà ara rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, títí dé ìparí rẹ̀. Tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà yẹn gan-an. Ti ọkọ̀ oníjíà ọwọ́ ò bá ti ọ̀tọ́mátíìkì mu. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ìkan náà ni gbogbo wọn, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.